Ọmọ Mẹ́ta ni Màmá Bí: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ìyá Damaris Sẹ̀kínátù Àmọ̀kẹ́ Ògúnrìndé (1948–2025)

Ìlú Ẹ̀jìgbò ni wọ́n ti bí màmá wa ní ọdún 1948. Bàbá wọn ni Jímọ́ọ̀ Adéwọ̀yìn, oníṣòwò obì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan. Ìyá wọn ni Bàrákátù, ọmọ bíbí ìlú Ola. Ara ògiri ni bàbá wọn kọ ọjọ́ ìbí wọn sí, òjò sì wó ògiri náà lulẹ̀. Nítorí èyí, ọdún nìkan la mọ̀. Ọjọ́ tó bá wu Màmá ni wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ ìbí, wọ́n sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bí ẹran bá wà nínú ìkòkò. Sẹ̀kínátù ni orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, Àmọ̀kẹ́ ni oríkì wọn.

Màmá lọ sí ilé kéú, wọ́n sì lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ìwé kẹrin, kí àìsàn ìyá wọn tó mú wọn padà sílé láti wá ṣe ìtọ́jú. Wọn kò fi èyí ṣe ìbínú rí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ka ìwé dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìṣirò, pé ìyókù kò ju àṣejù lọ.

Ní ọdún 1967, Màmá fẹ́ Gídíónì Ògúnrìndé, káfíńtà ọmọ Masifa, onígbàgbọ́ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìpa ọjọ́ Àìkú kan jẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Màmá, wọ́n sọ wọ́n ní Damaris. Bàbá Jímọ́ọ̀ kò jà sí i. Wọ́n kàn ní kí ọkọ ṣèlérí pé orúkọ tí àwọn sọ ọmọ àwọn kò ní í parẹ́. Kò sì parẹ́ títí dòní. Damaris ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sẹ̀kínátù ni wọ́n lọ́dọ̀ Alhaji Ìsmáílà àbúrò wọn, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ Iléyá lọ́dọọdún. Bí ẹ bá pe èyíkéyìí nínú méjèèjì, wọn á jẹ́ yín.

Ọdún 1969 ni Màmá àti Bàbá kó lọ sí Àbíjáàn ní Kódífúà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀jìgbò ti ń ṣe. Bàbá ń kan àga, Màmá ń ta abọ́ àti ìkòkò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Ọmọpẹ́ ní 1971, Túnmiṣe ní 1974, Ìyìnolúwa ní 1979. Yàrá kan ṣoṣo la ń gbé, orí ibùsùn kan náà ni gbogbo wa sì ń sùn. Bàbá á ti fi ògiri ṣe tiwọn. Túnmiṣe á nà gbalaja sí àárín bí onílé. Bí Màmá bá ti ibi ọjà wọlé, wọn á fọwọ́ gbún un ní ìhà, wọn á ní, “Túnmiṣe, sún díẹ̀, ìyá rẹ ti dé.” Ọmọ náà á sún láìlajú. Àwa tó kù mọ̀ pé bí a bá ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, ilé ti pé.

Ní ọdún 1989, Màmá àti Bàbá rán Túnmiṣe wá sí Masifa kó lè parí ìwé mẹ́wàá rẹ̀ nílé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Wàlíyátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Bàbá, ló ń gbé. Ìyálé ni wọ́n jẹ́ fún Màmá. Obìnrin Mùsùlùmí tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì tọ́jú ọmọ náà bí ẹni pé inú àwọn ló ti jáde.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ibà dá Túnmiṣe dùbúlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti lọ, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Àbíjáàn ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Nígbà tí Màmá fi máa dé Masifa, wọ́n ti sin ín. Àwọn àgbà ṣe gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, pé a kì í fi ibojì ọmọ han òbí. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ kúrò nílé, wọ́n kìlọ̀ fún tọmọdé tàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn tó wá kí Màmá ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n ní kí Màmá má sunkún, kí wọ́n má baà fi ẹkún pe ẹkún. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi sọ ọ́, a kò bá ẹnikẹ́ni wí. Màmá gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, wọn kò sunkún.

Màmá kò padà sí Àbíjáàn mọ́. Bàbá náà wá bá wọn nílé ní 1993. Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gàrí yíyan ní Masifa, ẹ̀rín wọn sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá lé jáde, ọ̀dọ̀ wọn ló ń bọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń yọ lẹ́nu, ọ̀dọ̀ wọn náà ni. Wọn kì í sọ pé ó rẹ àwọn, wọn kì í kọ ẹrù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a jọ ń gbé mọ̀ pé oorun ti sá lójú wọn. Kí àkùkọ tó kọ, Màmá á ti máa rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé, wọn á ní orí ń fọ́ àwọn díẹ̀.

Ní ọdún 1998, níbi ìdúpẹ́ ìkórè, ijó ni Màmá ń jó lọ sí iwájú pẹpẹ tí wọ́n fi ṣubú. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Kàdíjà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru kọjá ààlà, ó fún wọn ní oògùn, ó sì ní bí wọn kò bá ṣọ́ra, ó lè di rọpá-rọsẹ̀. Ó wá bi wọ́n léèrè pé kí ni nǹkan tí wọ́n ń gbé mì tí kò lọ. Màmá rẹ́rìn-ín. Ìyá Wàlíyátù tó tẹ̀lé wọn lọ kò rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí Màmá ti ilé ìwòsàn dé, Ọjọ́bọ̀ ni, Ìyá Wàlíyátù dúró lẹ́nu ọ̀nà Màmá pẹ̀lú ọkọ́ kékeré lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó, dìde. Jẹ́ ká lọ síbi tí ọmọ rẹ sùn sí.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Bí nǹkan kan bá tún ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí lẹ́yìn ìgbà náà, orí ìyálé ni wọn ì bá dì í rù. Síbẹ̀, wọ́n mú Màmá gba ọ̀nà oko lọ, dé ìdí igi àgbálùmọ̀ kan níbi tí oko Ògúnrìndé parí sí. Koríko kò sí lórí ibojì náà. Láti ọdún méje, Ìyá Wàlíyátù ló ń ro ó, wọn kò sì sọ fún ẹnì kankan. Màmá jókòó sílẹ̀, wọ́n pe Túnmiṣe lórúkọ, wọ́n sì sunkún títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìyá Wàlíyátù kò ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n ń fa koríko tí kò sí.

Nígbà tí wọ́n dìde, Màmá sọ fún ìyálé wọn pé, “Òótọ́ ni pé agbè kò fọ́. Ṣùgbọ́n omi tó dànù yẹn, ó ní orúkọ.” Wọ́n délé, wọ́n wẹ̀, wọ́n jẹ iyán wọn tán, wọ́n sì sùn di ìrọ̀lẹ́. Oorun náà pọ̀ débi pé ẹ̀rù bà wá, a ń yọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ gbọ́ bóyá wọ́n ṣì ń mí. Ìhanrun wọn ló dá wa lóhùn.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ara Màmá yá. Díẹ̀díẹ̀ ni àlàáfíà padà bọ̀, bí ẹni ń fi ọwọ́ kó iyanrìn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọn kò fojú di í rárá. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n á lọ sí ìdí àgbálùmọ̀, wọ́n á ro ibẹ̀, wọ́n á ròyìn ilé fún Túnmiṣe: ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó jẹ ìyá àgbà níyà. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn lọ. Bí àgbálùmọ̀ bá so, àwa kì í fẹ́ jẹ ẹ́. Màmá á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní ọmọ àwọn ló fún àwọn. Lọ́sàn-án, wọ́n á ti ilẹ̀kùn sùn, ẹni tó bá kànkùn á gbọ́ ti ẹnu wọn. Bí wọ́n bá gbé ẹrù tó ju agbára lọ wá bá wọn, wọ́n kọ́ láti sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná.” Bí inú bá sì bí wọn, wọ́n á máa ka ení-èjì ní Faransé, nítorí wọn kò mọ èébú kankan ní èdè náà. Kí wọ́n tó kà á tán, ọ̀rọ̀ ti rọ̀.

Àṣírí ìdí àgbálùmọ̀ tú nígbà tó yá. Bàbá Àyànníyì, olórí ẹbí nígbà náà, pe ìpàdé, wọ́n ní Màmá àti Ìyá Wàlíyátù ti ṣe èèwọ̀, pé wọ́n fẹ́ kó ikú wọlé. Màmá kúnlẹ̀, wọ́n bẹ àwọn àgbà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣèlérí pé àwọn kò ní í lọ mọ́. Fún ọdún mélòó kan, Bàbá Àyànníyì kì í dáhùn bí Màmá bá kí wọn. Màmá kò yéé kí wọn.

Ní ọdún 2004, ọmọbìnrin Bàbá Àyànníyì kú síbi ìbímọ. Wọ́n sin ín, wọn kò fi ibẹ̀ han bàbá rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Àyànníyì fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ilé wa. Wọ́n ní, “Ìyàwó, jọ̀ọ́, tẹ̀lé mi lọ síbi tí ọmọ mi sùn sí.” Màmá kò rán wọn létí ohunkóhun. Wọ́n kó bàtà sẹ́sẹ̀, wọ́n sì tẹ̀lé wọn.

Láti ìgbà náà ni èyí ti di iṣẹ́ tí Màmá ń ṣe fún ìlú. Ní Masifa, ní Ola, títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ilé tí ọ̀fọ̀ ọmọ bá ti ṣẹ̀, Màmá á gun ọ̀kadà lọ, ọlọ́kadà náà kò lè sọ pé òun ń kánjú tó wọn. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ fún ìyá ọmọ pé kó dákẹ́, Màmá á ní kí wọ́n jẹ́ kó sunkún ná. Wọ́n á jókòó tì í. Tó bá sunkún tán, wọ́n á bu omi fún un kó bọ́jú, wọ́n á rí i pé ó jẹun, wọ́n á sì dúró títí oorun á fi gbé e lọ. Àwọn ìyá mìíràn, Màmá á mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn, torí Màmá mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ohun tí ìjókòó lè tán.

Ìyá Wàlíyátù ti lọ ní 2006, Bàbá wa sì lọ ní 2011. Màmá sunkún àwọn méjèèjì dáadáa, wọ́n sì jẹun.

Ní ọdún tó kọjá, ara Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní kí a má sin àwọn sí iwájú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ìdí àgbálùmọ̀ ni kí a sin àwọn sí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo fún wa. A ní kí ni àwọn èèyàn máa wí. Màmá ní, “Bàbá yín ń bẹ láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Túnmiṣe nìkan ló ń dá sùn.” A gbà fún wọn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2025, Màmá sùn, wọn kò jí mọ́.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni Arábìnrin Ọmọpẹ́, olùkọ́ ní Ẹ̀jìgbò. Ọ̀gbẹ́ni Ìyìnolúwa, ní Àbíjáàn. Alhaji Ìsmáílà, àbúrò wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ, Irfan, Rùkàyyàt àti Damaris kékeré. Àti ọmọ Rùkàyyàt, ọmọ-ọwọ́ tí Màmá sọ ní Túnmiṣe fúnra wọn. Ẹni tó ń bá wa tẹ ìwé yìí ní ọmọ méjì ló yẹ kí a kọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí Màmá fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí, mẹ́ta ni wọ́n ń wí. Mẹ́ta la kọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, a dúpẹ́, Ọlọ́run kò ní í fi irú èyí san án fún yín. Ẹ̀bẹ̀ kan la ní. Bí a bá dé ìdí àgbálùmọ̀ lónìí tí ẹkún bá gbọ̀n wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní ká dákẹ́. Ẹ jókòó tì wá. Bí a bá sunkún tán, a ó bọ́jú, a ó padà sílé wá jẹun, gẹ́gẹ́ bí Màmá ti kọ́ wa.

Sùn re o, Àmọ̀kẹ́. Ilẹ̀ á tù yín lára, oorun á dùn mọ́ yín.

Túnmiṣe, sún díẹ̀. Ìyá rẹ ti dé.