Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Mí Dán Wò

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé mo kọ̀wé dípò kí n pè yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kò dára, ẹ sì mọ̀ pé tí mo bá ti mí kanlẹ̀ lórí fóònù, ẹ ó ní ara mi ò yá.

Ẹ̀rọ tuntun tó ń ya àwòrán ọkàn dé sí ọsibítù wa, èmi ni wọ́n fi dán an wò. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lápá, oògùn náà sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń dé á funfun. Ibi tí ẹran ọkàn ti kú á ṣókùnkùn, bí apá Ìlódè tí wọ́n ti mú iná lọ.

Abdulrazaq, ọmọ Edunabon tí mo kọ́ níṣẹ́, ló ya àwòrán náà. Mo ní, "Yí kọ̀ǹpútà síbí."

Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ mu tíì, mà. Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín ná."

"Ṣé o ti wá di onítíì ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́ ọ pé tí àwòrán bá burú, kó kọ́kọ́ jókòó ti aláìsàn.

Tíì náà dùn, Màámi. Mo rọra ń mu ún, kó má bàa tètè tán.

Ẹ bá mi kí Bàrákàt. Ẹ ní kí àbúrò mi lọ ṣàyẹ̀wò ọkàn tirẹ̀ náà. Ẹ fi mí sínú àdúà, bí ẹ ti máa ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè mí.

Ọmọ yín,
Sùmáyà