Mẹ́kà Tí O Ní Ìyá Ọmọ Yìí Lọ

Abúlé Ìdí-Orógbó,
Ọjọ́ Àtàláátà, lẹ́yìn ọdún Iléyá.

Mutolib ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm o. Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé tí ẹ jọ ń gbé ní Kétu, mo kí lándílọ́ọ̀dù rẹ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn líle ni. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Ọlọ́run tó gba apẹ̀rẹ̀ kúrò lórí èmi baba rẹ ní Mile 12, tó sọ mí di ẹni tí àwọn awakọ̀ tírélà láti Òkè Ọya ń wá kí kí wọ́n tó já ẹrù wọn, Ọlọ́run yẹn ò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ojú rẹ ò ní rí irú èyí tó rí yìí mọ́. Àmín.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n yọ mí kúrò níléèwé kí n tó mọ ìwé tán, àmọ́ nínú gbogbo àwa tá a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígbà náà, èmi nìkan ni mo kọ́lé sí Ìkòsì, mo sì tún kọ́ òmíràn síbí. Nítorí náà, bí ìlà bá wọ́, má wo ìlà, ọ̀rọ̀ ni kó o wò.

Ìyá rẹ ní kí n pè ọ́ lórí fóònù, mo ní rárá. Obìnrin kan wà nínú fóònù yẹn tó máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì já lu ọ̀rọ̀ wa. Mo ti sọ fún un lẹ́ẹ̀kan rí pé ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ta ló pè é sí i, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń sọ lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí àlejò ń gbọ́.

Àlàáfíà la wà nílé. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí, ọmọ méjèèjì yè. Owó tó o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. Clara, ọmọbìnrin POS tó jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, ló kó o fún mi. Kò mọ̀ ọ́ rí, kò mọ ilé rẹ, síbẹ̀ torí pé o ní kó fún mi lówó, ó ṣí àpò ara rẹ̀ ó kà á lé mi lọ́wọ́. Mo gbé odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ fún un, mo sì ṣàdúrà fún un gan-an. Ẹ̀rín ló ń rín. Ọmọ tó nínú ire báyìí ò pọ̀ láyé mọ́, má jẹ́ kó kábàámọ̀ wa.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Hidayat.

Nígbà tó o mú un wá, o sọ fún mi pé láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí ni ò ti sọ̀rọ̀ mọ́, pé wọ́n ya fọ́tò inú orí rẹ̀ ní ọsibítù, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn torí pé ó ti rẹ̀ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ọmọ ọmọ tèmi, kí wọ́n wo inú orí rẹ̀ kí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan? Ẹ̀rọ tó yà á ni kò ríran. Nǹkan wà níbẹ̀, Mutolib. Nǹkan tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju orí ọmọdé lọ.

Fóònù tó o kó àlọ́ sí fún un náà, a gbìyànjú rẹ̀. Ó ń wò ó, kò rẹ́rìn-ín, kò ké. Èmi jókòó tì í láti wò ó. Àwọn ẹranko inú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, àmọ́ wọn ò dúró. Ẹni tó ń pàlọ́ á dá orin, á dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn tó jókòó lè gbè é. Ti inú fóònù dá orin fúnra rẹ̀, ó gbè é fúnra rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó dúró de ọmọ, ìyá rẹ ní kí n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n tó fọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Alhaja Ajarat, ìyá Kọ́ládé, ti Mẹ́kà dé. Gbogbo abúlé jáde. Hidayat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ, wọ́n jọ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Bó ṣe gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé ará Mẹ́kà ti dé, ó da atẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó sáré. Ó gba abẹ́ apá àwọn àgbà kọjá, ó di aṣọ Alhaja mú, ó gbójú sókè wò ó lójú. Alhaja rò pé ẹ̀bùn ló fẹ́, ó fún un ní dàbínù, kò gbà á. Ó wo inú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ àga. Ó lọ dúró sẹ́yìn mọ́tò níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù, wọ́n gbé báàgì, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi Sámúsámù, títí ibẹ̀ fi ṣófo, ó ṣì ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló padà wá, ó jókòó, ó ń ṣa ẹ̀gúsí tó dà nílẹ̀.

Mo bi ìyá rẹ pé kí ni ọmọ yìí ń wá. Omi ti wà lójú rẹ̀ kí n tó béèrè. Ó ní ìwọ lo sọ fún ọmọ náà pé Mẹ́kà ni ìyá rẹ̀ lọ, pé o sì bẹ òun kóun má sọ fún mi, nítorí pé èmi ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́. Èmi Ṣùkúrù! Èmi tí mo máa ń mọ iye tí ata máa dà lọ́la, tí mi ò ní jẹ́ kí ìyàwó mi gan-an gbọ́. Ó dáa, mo ti gbọ́.

Mi ò bá ọ jà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́, àwa náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fọ́mọdé nígbà tí ẹnu bá wúwo. Àmọ́ ọmọ yìí gbọ́ ẹkún nínú ilé, ó rí aṣọ funfun, ó rí àwọn ọkùnrin tó gbé nǹkan jáde tí wọn ò gbé e padà. Ó mọ̀. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá lanu, òótọ́ lá kọ́kọ́ jáde, baba òun á sì di onírọ́. Ìyẹn ló ṣe pa ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ ló ń ṣọ́.

Mo pè é sórí ẹní nírọ̀lẹ́ yẹn, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ìyá rẹ ní a kì í pàlọ́ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Mo ní ìtàn ni mo fẹ́ sọ, ìtàn ò ní aago. Mo sọ ti ọjọ́ tí tírélà tòmátò gba òjò dé Mile 12, tí gbogbo oníbàárà sá nítorí pé ẹrù ti rọ̀. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé, ó ní òun fẹ́ ra ẹ̀ṣà, ìyẹn àwọn tó ti rọ̀ tí wọ́n máa ń ṣà sọ́tọ̀. Mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé ọmọ gidi nìyẹn. Ìyá rẹ dá mi dúró níbẹ̀ yẹn, ó ní irọ́ ni, pé ṣe ni mo ní kó kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ìwọ lo gbé àga fún un. Kò burú. Ó jókòó, ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin sí i. Kó tó di pé oòrùn wọ̀, ó ti tà á tán fún àwọn ìyá alóńjẹ, ìwọ sì ti gbàgbé pé baba rẹ rán ọ níṣẹ́.

Mo wá dá orin náà bí Faridah ìyá rẹ̀ ṣe ń dá a, mo ní, “Èyí le, èyí rọ̀.” Mo dákẹ́. Ìyá rẹ rò pé mo ti gbàgbé, ó fẹ́ gbè é, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A wà níbẹ̀. Adìẹ kọjá lórí ẹní wa, mi ò lé e. Mo tún ní, “Èyí le, èyí rọ̀.”

Hidayat ní, “Gbé e síbí.”

Ohùn rẹ̀ ti há, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Mo kọ ọ́ títí dópin, ó gbè é títí dópin. Ó wá bi mí pé, “Bàbá, ṣé Mẹ́kà ni wọ́n sin mọ́mì mi sí?”

Mo ní rárá. Mo sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún un, mo sọ pé mo wà níbẹ̀, pé ọwọ́ mi wà lára erùpẹ̀ náà. Ó sunkún, ìyá rẹ gbé e mọ́ àyà, ó sunkún títí tó fi sùn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó ti sọ fún mi pé ọbẹ̀ ìyá rẹ níyọ̀ jù, ohun tí mo ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi gbé mì.

Mutolib, baba tèmi kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ìyá mi ló fi ẹnu gbé e fún mi, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń bínú, ohun tí kò lè jẹ. Nígbà tí mò ń sùn lórí àpò àlùbọ́sà ní Mile 12, tí àwọn aláàrù ẹgbẹ́ mi ń jalè, ọkùnrin tí mi ò rí rí yẹn ni mò ń tijú. Gbogbo ohun tí mo fi ń ṣe fọ́ńté lónìí, inú ìtàn yẹn ni mo ti rí ilẹ̀ tí mo tẹ ẹsẹ̀ lé. Oúnjẹ ń mú ara dàgbà, àmọ́ ọmọ tí wọn ò sọ ìtàn ẹni tó bí i fún, kí ni yóò dúró lé?

Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí ọ nìyí. Láàárọ̀ àná, Hidayat bi mí pé kí ni ìyá òun sọ nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù. Mo ní mi ò mọ̀. Mutolib, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé rí láyé mi. Àmọ́ ìwọ nìkan lo wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú mọ́tò yẹn. O ò sọ ọ́ fún mi, o ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ, mo sì rí bó o ṣe gbẹ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí Clara kí n fi ra ẹ̀wà àti òróró. Àkàrà sàárà Faridah la fẹ́ dín lọ́jọ́ Jímọ̀, Hidayat ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ pín in fáwọn ọmọ abúlé, torí pé wọn ò jẹ́ kó dé ibi àdúrà fídáù ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó ò bá sí, má yá a, ara rẹ ni kó o gbé wá. Ìyá rẹ ní bó o bá dé tí o ò lè sọ ọ́ tán, kó o sọ ìwọ̀nba tó bá jáde, bí ẹkún bá já a, a óò dúró dè ọ́.

Ọlọ́run á forí jin Faridah, á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọlọ́run á tu ìwọ náà nínú, ọmọ rẹ á sin ọ́. Hidayat jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò bínú nítorí ọ̀rọ̀ Mẹ́kà, pé kó o ṣáà máa bọ̀, òun ti tẹ́ ẹní.

Èmi ni baba rẹ,
Ṣùkúrù.