Orúkọ Bàbá Rẹ Kò Sí Lára Òkúta

Agbolé Àpọ́nlé,
Àgọ́-Àrẹ.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Àwáwù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ti lọ? Ọyẹ́ ọdún yìí le, má ṣe jáde láàárọ̀ láìwọ ṣúwẹ́tà. Àwa náà wà, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí. Ìyá Waheedat, ìyàwó mi, ní ìrònú ló ń fà á. Mo ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìyẹn náà.

O ní kí n lọ sí Ṣakí, kí n lọ ya fọ́tò orúkọ bàbá rẹ lára òkúta tí wọ́n gbé dúró fún àwọn ọmọ Òkè-Ògùn tó bá ogun Bìáfúrà lọ. Mo lọ. N kò lọ lọ́jọ́ ìrántí àwọn ológun gan-an, nítorí èrò. Ọjọ́ kejì ni mo lọ. Mo ń sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra, ó rọra títí ó fi ní, "Bàbá, tí a bá tún rọra ju báyìí lọ, ilé la máa padà sí o."

Òkúta dúdú ni, ó ga tó èjìká mi. Wọ́n to orúkọ sábẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ló wà lábẹ́ Àgọ́-Àrẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ̀ kí n tó kúrò nílé. Orúkọ bàbá rẹ kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo fà á.

Ní oṣù Ọ̀wàrà, Ògúndèjì mú fọ́ọ̀mù wá fún mi. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó gbé òkúta náà dúró, a sì jọ jáde ilé ìwé girama ni. Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, Ràsáàkì, mo kọ orúkọ agbolé. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti bèèrè ọdún tí ẹni náà kú, ọwọ́ mi dúró. Mo ká fọ́ọ̀mù náà, mo fi í sábẹ́ ẹní ìkírun. Nígbà tí o bèèrè, mo ní mo ti dá a padà. Irọ́ ni mo pa fún ọ.

O mọ ọ̀rọ̀ tí ìyá wa sọ. Nígbà tí ogun parí, tí àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ dé, tí bàbá rẹ kò dé, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ̀wé sí wa, àwọn àgbà ní kí a ṣe fìdáù. Ìyá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹni tó bá pe Ràsáàkì ní òkú, òun ló pa á." Fìdáù kò wáyé. Wọn kò jẹ́ kí màmá rẹ ṣe opó. Inú rẹ̀ lo wà nígbà tí bàbá rẹ lọ. Ìyàwó ẹni tó rìnrìn àjò ni màmá rẹ jẹ́ títí ó fi kú.

Ti iṣu náà wà níbẹ̀. Bàbá rẹ kọ ebè iṣu mẹ́wàá kí wọ́n tó lọ. Ìyá wa ní a gbọ́dọ̀ máa gbin èbù rẹ̀ padà lọ́dọọdún, kí wọ́n lè bá a nílẹ̀ bí wọ́n bá dé. A kì í jẹ ẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èbù, a ó fi ṣe sàárà fún arìnrìn-àjò. Nígbà tí àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí a lọ sóko ọ̀nà jíjìn mọ́, mo kó èbù náà wá sẹ́yìnkùlé. Oko tèmi ni mo fi sílẹ̀.

Mo bá Ògúndèjì nídìí òkúta, ẹni tí mo ti purọ́ fún pé fọ́ọ̀mù náà sọnù. Ó ní, "Tàófíìkì, ìwọ tó ò ń yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó o tó sùn, ìwọ ni fọ́ọ̀mù sọnù mọ́ lọ́wọ́?" Ó wò mí, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń gbẹ́ orúkọ yóò padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti tún àṣìṣe ṣe, lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Ó wá bèèrè pé, "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ kú ni, àbí wọn ò kú?" Mo ní, "Wọ́n ti kú." Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ náà sábẹ́ ẹnì kẹfà.

Mo dúró kí ẹkún wá. Kò wá. Mo dúró kí ẹ̀rù bà mí, èmi tí ẹ̀rù ọ̀kadà ń bà. Kò bà mí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbórí lé ọwọ́ sùn, tí ọwọ́ náà kú. N kò ya fọ́tò. N kò fẹ́ ya ṣọ́ọ̀kì.

ÀLÀÁFÍÀ ni wọ́n kọ sókè òkúta náà. Mo wò ó pẹ́. Wọ́n ní ogun parí lọ́dún 1970. Nílé wa, kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀. Ìyá kan á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́dọ̀ àwọn tí a bá jà náà. Bóyá àlàáfíà kò ju kí ènìyàn mọ ẹni tó kú, kó sì máa jẹun lọ. N kò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó rẹ̀ mí ni.

Ìwọ lo ni bàbá. Mo fi iṣu náà mẹ́ta rán awakọ̀ Ìbàdàn sí ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bí o bá gbà kí orúkọ dúró, sè é, kí ẹ jẹ ẹ́, a ó sì mú ọjọ́ fìdáù. Bí o kò bá gbà, pè mí kí Ọjọ́bọ̀ tó tán, n ó lọ nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò. N kò ní bínú.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí. Ọmọ rẹ kò ní lọ ìrìn àjò tí kò ní dé. O kò ní jókòó sẹ́nu ọ̀nà retí ẹni tí kò ní bọ̀. Àmín.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ,
Tàófíìkì Àpọ́nlé.

Àfikún: Iṣu mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ dì. Lánàá, mo ní kí Ìyá Waheedat se ọ̀kan. Ó ní, "Bàbá Waheedat, ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?" Mo ní rárá. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, n kò tọ́ ọ wò rí. A fi epo jẹ ẹ́. Iṣu bí iṣu ni. Mo dúró kí nǹkan ṣe mí, nǹkan kan kò ṣe mí. Mo fọ abọ́, mo lọ yẹ ilẹ̀kùn wò.