Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gbẹ Àkùrọ̀ Wa

Màámi,

Mo kí yín o. Ara mi le. Ikọ́ tí ẹ gbọ́ lórí fóònù, eruku lásán ni.

Ẹ ní ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ la kòtò sínú àkùrọ̀ wa kí omi lè gbẹ, kí ó fi ibẹ̀ kọ́lé. Ẹ má gbà fún un. Iṣẹ́ tí à ń ṣe níbí nìyẹn. "Títún ilẹ̀ ṣe" ni ọ̀gá ń pè é. Ewé tó ti kú láti ayé baba ńlá àwọn ará ibí ló di ilẹ̀ dúdú tí à ń gbẹ́ yìí, omi ni kò jẹ́ kí ó jẹrà tán. A fa omi kúrò, ilẹ̀ gbẹ, ó sì gbiná lábẹ́. Bí a bá pa iná náà níhìn-ín, èéfín á yọ lọ́hùn-ún.

Gàgàrà tí a jọ ń gbé yàrá ní, "Ilẹ̀ yìí ń mu sìgá ju ọ̀gá lọ!" A rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kejì ilẹ̀ là, Gàgàrà sì jìn sínú iná abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé ti di tèmi báyìí, atẹ́gùn ń wọlé dáadáa.

Bí ẹ̀gbọ́n mi bá kọ́lé síbẹ̀, n kò ní sùn nínú rẹ̀ láéláé. Ẹ bá mi kí i. Ẹ kí gbogbo ilé.