Ohùn Tó Ń Ṣáájú Ẹnu

Ọmọ mi àkọ́bí,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí ìdí kọ̀ǹpútà náà lo ṣì ń jókòó sí títí á fi rẹ ebi fúnra rẹ̀? Ní tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn, àwọn oníbàárà ṣì ń kó aṣọ wá fún mi rán. Mo fẹ́ kí o jókòó ka lẹ́tà yìí, kí o sì kà á dópin. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí mo mọ̀ ọ́: bí mo bá ti gbóhùn sókè díẹ̀, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Inú ń bí mi, mi ò ní fi bò fún ọ. Èsì ìdánwò àbúrò rẹ ti jáde. Nínú sáyẹ́ǹsì, mọ́kànlélógún ló gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó gba ọgọ́rin lọ́dún tó kọjá, nígbà tí tíṣà ṣì ń dúró níwájú wọn! Tíṣà wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́, pé ó máa dáa kó tún kíláàsì náà ṣe. O mọ bí àbúrò rẹ ṣe ń gbọ́rọ̀. Ẹ̀rọ etí rẹ̀ ń mú díẹ̀ wá, ojú rẹ̀ ló ń ka ìyókù lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnu àti ohùn bá jọ wá, kò sí ohun tó ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láti ìgbà tí ilé ìwé ti sọ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì di fídíò tí wọ́n ń wò nídìí kọ̀ǹpútà ni ọmọ náà ti ń sọ fún mi pé, “Màámi, ohùn tíṣà ń ṣáájú ẹnu rẹ̀.” Mo rò pé ẹ̀rọ etí rẹ̀ ló ti gbó. Mo pa ṣọ́ọ̀bù tì lódindi ọjọ́ kan, mo gbé e lọ fún àyẹ̀wò, mo sanwó, wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan. Ó sọ fún ìwọ náà. Kí lo fèsì? Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tó ń ka ohun tí o kọ ránṣẹ́: “Oorun lò ń sùn nídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀lẹ kì í wá àwáwí tì.” Ọmọ náà dojú fóònù dé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba ilé ìwé lọ. Tíṣà kí mi dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, fídíò kan náà ni àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù wò, wọ́n sì yege.” Mo ní, “Tíṣà, àwọn mọ́kàndínlógójì yẹn ń fetí gbọ́. Ẹ bá mi mú ẹyọ kan tó ń fojú gbọ́ nínú wọn.” Ó ní kí n lọ rí ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà.

Bàbá Wáyà ni àwọn ọmọ ń pe ọkùnrin náà, torí wáyà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Yàrá rẹ̀ kò fẹ̀ ju tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ lọ. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi ní, “Ìyá, kọ̀ǹpútà mi ò lẹ́ṣẹ̀. Bí ohùn bá tiẹ̀ ń ṣáájú ẹnu, gbogbo ẹ̀ ò ju ìdámẹ́rin sẹ́kọ́ǹdì lọ. Ta ló máa mọ̀ ọ́n?” Mo bi í bóyá ó ti wo abẹ́ máṣíìnì ìránṣọ rí. Mo ní bí abẹ́rẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀, tí ohun tó yẹ kó kọ́ òwú lọ́rùn nísàlẹ̀ bá pẹ́ dé, pípẹ́ náà kò tó ìdámẹ́rin sẹ́kọ́ǹdì tó ń fojú di yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ṣòkòtò tí wọ́n fi rán, kó má bẹ̀rẹ̀ níwájú àna rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fa àga fún mi.

Ó ṣí ẹ̀kọ́ kẹtàdínlógún, èyí tó dá lórí bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Mo tẹjú mọ́ ẹnu tíṣà. Òótọ́ ni ọmọ ń sọ! Ohùn á ti parí gbólóhùn, ètè á ṣì máa jẹ ìyókù lẹ́nu bí ẹni ń jẹ gọ́ọ̀mù. Bàbá Wáyà ṣí fídíò mìíràn tí wọ́n ṣe níbòmíràn, ìyẹn bára mu dáadáa. Ó ní, “Ẹ rí i bí? Bí èyí ṣe dé látọwọ́ ẹni tó ṣe é nìyẹn.” Ó wá wò mí lójú. “Ọmọ yín ló sì ṣe é, Ìyá.”

Ṣebí èmi náà ni mo bẹ ọ̀gá ilé ìwé títí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún ọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi àwòrán tíṣà ránṣẹ́ sí ọ lọ́tọ̀, wọ́n ń fi ohùn tí máìkì ọrùn aṣọ rẹ̀ gbà ránṣẹ́ lọ́tọ̀, tí ìwọ á so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ibẹ̀ ni àlébù ti wá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Síbẹ̀ mo gbèjà rẹ. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe aláìmọṣẹ́. Bàbá Wáyà họ orí, ó ní, “Ṣé íapíìsì tí ò ní wáyà ló máa ń lò?” Mo ní ṣé èyí tó fi dí etí nígbà tó wálé kẹ́yìn, tí mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn? Ó yọ tirẹ̀ nínú àpò, ó fi sí mi létí, ó tún fídíò kan náà bẹ̀rẹ̀. Ẹnu àti ohùn bára mu rẹ́gí! Mo yọ ọ́, ohùn sáré ṣáájú. Mo tún fi sí i, ohùn dúró de ẹnu. Ó wá là á yé mi pé irú íapíìsì bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ohùn dé etí. Ìwọ gbọ́ ọ, o rò pé ohùn ló pẹ́, o wá ń fà á síwájú títí ó fi bá ẹnu mu ní etí tìrẹ. Ohun tó ti gún tẹ́lẹ̀ lo tún ṣe títí ó fi wọ́! Ẹ̀kọ́ méjìlélógójì, kò sí èyí tí o kò fà síwájú nínú wọn. O gé aṣọ ní ìwọ̀n ara rẹ, o wá ní kí gbogbo kíláàsì wọ̀ ọ́.

Ọmọ mi, kì í ṣe àṣìṣe ló ń bí mi nínú. Èmi náà ti rán apá òsì mọ́ èjìká ọ̀tún rí, oníbàárà sì ti bú mi fún un. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nínú gbogbo wa, ẹni kan ṣoṣo tó rí àlébù yìí ni ẹni tí a ní etí rẹ̀ kò pé. Tíṣà ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́. Bàbá Wáyà ní ta ló máa mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo bí i ń gbé e kiri fún àyẹ̀wò. Ìwọ tó ba nǹkan jẹ́ gan-an lo pè é lọ́lẹ. O kò tiẹ̀ yọ nǹkan yẹn létí kí o wò ó bóyá òótọ́ ló sọ. Ìṣẹ́jú kan péré! Ìṣẹ́jú kan ni kò tọ́ sí àbúrò rẹ lọ́wọ́ rẹ?

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ohun tí mo rí fún un, kò fò, kò yọ̀. Ó wọlé, ó gbé ìwé kékeré kan jáde, ó ti kọ gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ti sọnù mọ́ ọn lójú síbẹ̀, láti ẹ̀kọ́ kìíní dé ìkẹyìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ kẹtàdínlógún, ó kọ ọ́ pé, “Mo wò ó lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.” Ìwọ tó o mọ ọ̀lẹ, wá sọ fún mi: ọ̀lẹ wo ló ń wo nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá?

Mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n pe tíṣà, wọ́n pe Bàbá Wáyà, gbogbo wa jọ wo fídíò náà. Ojú ti tíṣà, ó sì bẹ̀ mí. Wọ́n gbà kí àbúrò rẹ tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó kàn. Bó bá yege, á bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá yege, ó di kó jókòó ti àwọn tó kéré sí i fún ọdún kan gbáko. Owó ilé ìwé ọdún kan, mo lè tẹ máṣíìnì títí màá fi rí i. Ọdún kan lára ọmọ, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Nítorí náà, gbọ́. Wá íapíìsì oníwáyà, tàbí kí o jẹ́ kí ohùn jáde lára kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Níwọ̀n tí o fi fa ohùn síwájú ni kí o fi dá a padà sẹ́yìn. Bàbá Wáyà ní kò tó iṣẹ́ ọjọ́ méjì, nítorí náà má sọ fún mi pé iṣẹ́ ẹlòmíràn wà nílẹ̀. Bí márùn-ún bá ti gún, fi ránṣẹ́, má dúró dìgbà tí wọ́n bá pé. Àbúrò rẹ ni yóò máa yẹ̀ wọ́n wò. Bí òun bá ní ó bára mu, ó bára mu. Bó bá ní kò bára mu, kò bára mu nìyẹn, má bá a jiyàn.

Ọmọ tí a fi ọwọ́ òsì nà, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dójú tì ọ́. Ojú rẹ kò ní ṣú, etí rẹ kò ní di, wàá rí ẹni sọ òótọ́ fún ọ, wàá sì rí ọkàn fi gbà á. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò sì bẹ̀rù rẹ.

Mo tún rántí: mo jẹ́ kí àbúrò rẹ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Mo bi í bó ṣe fẹ́ kí o bẹ òun, bóyá kí o kọ ọ́ sórí fóònù, tàbí kí o ṣe fídíò ránṣẹ́. Ó ní rárá o, òun ò gba fídíò lọ́wọ́ rẹ. Ó ní kí o wálé, kí o jókòó síwájú òun níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí o sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí òun rí ẹnu rẹ.