Ilé Ńkọ́? Wọ́n Ti Wó O

                                        Àjà Kẹta, Ilé Aláwọ̀ Eérú,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Tàdáwà,

Ọ̀rọ̀ ńlá ni mo fẹ́ fi tó ọ létí, nítorí náà, bí o bá wà lórí ìdúró, wá àga. Mo sín lánàá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, níbi tí mo ti ń fọ abọ́, kò sì sí nǹkan tó já. Àbúrò mi obìnrin tí a jọ ń gbé sáré jáde láti balùwẹ̀ tòun tọṣẹ lójú, ó dì mí mú, ó ní, "Ṣé ó dúró? Ṣé ó dúró?" Mo ní ó dúró. A jókòó sílẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

O lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọn ò la ikùn rẹ̀ rí ló ń sín bó ṣe wù ú. Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, bí ikọ́ tàbí ẹ̀rín bá ń bọ̀, àfi kí n kọ́kọ́ wá ìrọ̀rí, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́, kí n tó gbà á láyè. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ wa ní ọsibítù. Ti àná yìí ni àkọ́kọ́ tí mo sín láìsí ìrọ̀rí lọ́wọ́.

Ó yẹ kí n ti kí ọ kí n tó ròyìn, ṣùgbọ́n ìròyìn náà ò ṣe é dá dúró. O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Ọkọ rẹ atún-aago-ṣe ńkọ́, ṣé aago tirẹ̀ gan-an ti ń sọ òótọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ńkọ́? Ojú rẹ tó funfun bíi bébà tí ẹ ò tíì tẹ nǹkan sí ńkọ́? Mo mọ̀ pé mo fo ìkíni kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Máa bá mi bọ̀, a máa débẹ̀.

Ọkọ rẹ pè mí. Ó ní o tún ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára rẹ ti fẹ́ pọ̀ ju èyí tó kù lọ. Ó ní dókítà ti lo oògùn títí, ó ti yọ àwọn kókó inú rẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún hù, ó sì ti dá ọjọ́ irú iṣẹ́ abẹ tèmi fún ọ báyìí, ṣùgbọ́n ìyá òun ní kí o ṣì ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀, bóyá ọmọ kan á jàjà dé. Nígbà tí ìwọ fúnra rẹ wá pè, o ní, "Láńléèdì, ṣé ibẹ̀ kì í ṣófo?" Kí n tó lanu, o ti ní òjò ṣú lọ́dọ̀ yín, o sì pa fóònù. Lẹ́tà yìí ni ìdáhùn. Ó máa gba ọ̀nà tó jìn díẹ̀, o ṣáà mọ bí mo ṣe ń rìn.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ mi, oògùn oorun ò tíì dá lójú mi. Màmá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, búrẹ́dì ni wọ́n ń ṣe, apá wọn kan tó itan mi méjì. Irú iṣẹ́ abẹ mi náà ni wọ́n wá ṣe. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n kí mi bí ọmọlúwàbí ṣe ń kíni, wọ́n ní, "O kú ewu o, àbúrò. Ilé ńkọ́?"

O mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ilé àti ilẹ̀ ni mo kọ́ ní Pólì, orúkọ Láńléèdì tí ẹ sì sọ mí níbẹ̀ ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ilé, ó yẹ kó dáhùn nípa ilé. Mo ní, "Wọ́n ti wó o, mà."

Màmá Oníbúrẹ́dì figbe ta. "Yéè! O wà ní ọsibítù, wọ́n wá wó ilé mọ́ ọ lẹ́yìn! Ta ló wó o? Ìjọba?"

"Rárá o, dókítà ni."

"Dókítà wo ló ń wó ilé kiri?"

"Èyí tó wó tiyín náà ni, mà."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo ikùn ara wọn. Ìgbà náà ni mo rí ọwọ́ wọn tó ń táràrà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́, ìrọ̀rí ni wọ́n ń wá, ẹ̀rín ti dé tán. Ẹ̀rín náà ran bẹ́ẹ̀dì kẹta, ó ran ẹ̀kẹrin. Obìnrin kan ń bẹ̀ mí pé, "Jọ̀ọ́, má pa mí, ọ̀la ni wọ́n máa yọ òwú mi." Nọ́ọ̀sì àgbà sáré dé, ó bèèrè ẹni tó fa ariwo, gbogbo ìka ló nà sí mi. Ó ní bí mo bá tún dá ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, òun á gbé bẹ́ẹ̀dì mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, kí n máa bá ìgbálẹ̀ ṣàwàdà.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti yí padà. Kó tó di ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ń dárúkọ ohun tí wọ́n yọ lára wa. "Nǹkan yẹn" ni, "ọ̀rọ̀ yẹn" ni. Ìyá mi gan-an ti sọ fún àdúgbò pé ìfun kékeré kan ló wú nínú mi. Ọkùnrin ìsàlẹ̀ ilé wa, tí wọ́n ti yọ irú ìfun bẹ́ẹ̀ fún rí, wá fi àpá tirẹ̀ hàn mí, ó ní kí n mú tèmi jáde ká fi wéra. Mo ní tèmi ò tíì máa gba àlejò.

Ilé ọmọ ni Yorùbá kúkú ń pè é, a wá di ọ̀rọ̀ náà mú. Màmá Oníbúrẹ́dì ní àwọn àyálégbé òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kó jáde tipẹ́, wọn ò sì sọ fún òun pé òrùlé ń jò, kí wọ́n wó o jàre. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, a ò tú ká. Ọjọ́ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì wọn, kí ooru ààrò lè máa bá wa tẹ ẹ̀yìn. Olúkúlùkù á gbé ìrọ̀rí rẹ̀ wá. Bí o bá rí wa lójú títì, tí a tẹ̀ síwájú bí ẹni ń wá owó tó já bọ́, wàá rò pé hòtẹ́ẹ̀lì la ti jí ìrọ̀rí kó. A máa ń sọ ti ooru tó ń bo ọrùn lójijì, ti ẹkún tí kò nídìí, ti ọkọ tó ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kanni. Ẹni tó bá ti yàgbẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ á dìde jẹ́rìí, a ó pàtẹ́wọ́ fún un.

Aránṣọ kan wà láàárín wa, kò dàgbà jù wá lọ. Kì í sọ̀rọ̀, ìrọ̀rí tó bá ya ló ń bá wa rán. Ní Ìṣẹ́gun tó kọjá, bí Màmá Oníbúrẹ́dì ṣe tún ń ròyìn àwọn àyálégbé wọn, aránṣọ ní, láìgbójú sókè, "Tèmi ò gba àyálégbé rí."

Tàdáwà, mo wá àwàdà, mi ò rí. Nítorí bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Ilé tí mo ti kùn sílẹ̀ lọ́kàn mi, tí mo ti ta kọ́tìnì sí, tí ẹnikẹ́ni ò sùn rí. Láti ọsibítù ni mo ti ń fi ilé ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sì sọ fún ẹnì kan pé òfìfo ilé ni wọ́n wó. Mo sọ ọ́ níbẹ̀. Aránṣọ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

Màmá Oníbúrẹ́dì ò sọ pé yóò dára, wọn ò sì gbàdúrà lé wa lórí. Wọ́n gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ wọn nù, wọ́n bi aránṣọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti dá, mà."

"O lè gun àtẹ̀gùn?"

"Mò ń gùn ún."

"Ó dáa. Ẹ sunkún ilé o, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ má bá ilé wó. Ọ̀tọ̀ ni ilé, ọ̀tọ̀ lonílé."

Ìdáhùn rẹ rèé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń ṣófo. Ọjọ́ mìíràn, bí mo bá rí aṣọ ọmọ lórí okùn ará ilé kejì, ọwọ́ mi á wá ìrọ̀rí, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ló ń bọ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mò ń gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta láìdi ògiri mú. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì funfun jáde. Funfun, Tàdáwà! Mi ò ki aṣọ mìíràn sínú báàgì, mi ò sì bojú wẹ̀yìn wo àga tí mo ti dìde.

Ìyá ọkọ rẹ ń wá ọmọ, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ilé bá wó pa onílé, ta ni wọ́n fẹ́ kó bí i? Ọkọ rẹ sunkún nígbà tó pè mí. Kò dárúkọ ilé rárá. Orúkọ rẹ ló ń pè. Jọ̀ọ́, lọ ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n dá.

Màá wà níbẹ̀. Aránṣọ ti rán ìrọ̀rí kan sílẹ̀ fún ọ, dúdú ni, nítorí orúkọ rẹ. Bí o bá lajú, èmi ni wàá kọ́kọ́ rí, màá sì kí ọ ní ìkíni tí mo fò yẹn. Wá ìdáhùn tìrẹ sílẹ̀. Má fi tèmi dáhùn, mo ti lò ó.

Bá mi kí atún-aago-ṣe. Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, má sì ka ti àwọn àyálégbé sí wọn létí. Àbúrò mi ní kí n kí ọ, ọṣẹ ti kúrò lójú rẹ̀.

                                        Èmi ni tìrẹ, tòun tìrọ̀rí,
                                        Láńléèdì.

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ÈNÌYÀN: A ń fi àsìkò yìí sọ ọ́ di mímọ̀ pé ilé kan ni wọ́n wó lóòótọ́, kò sì sí ẹni tó fara pa. Àbàwọ́n tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì, tíì ló dà sí i. Ìwádìí ti parí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ní kì í ṣe tíì, kó kó ẹ̀rí rẹ̀ wá sí ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó sì mú ìrọ̀rí tirẹ̀ dání.