Ẹ̀ka tí Belarmino Gé

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá
Mo ba ayé Belarmino jẹ́. N kò fi ẹnu purọ́ mọ́ ọn – dídákẹ́ ni mo dákẹ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Iná gbé Nidia aránṣọ, ó kú. Wọ́n ní Belarmino, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gígé igi ẹ̀gbẹ́ wáyà iná, ni kò gé ẹ̀ka tó sún mọ́ ọn, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Èmi sì mọ̀ pé ó gé e. Mo dé ìdí igi náà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì: ojú ibi tí àdá ti kọjá ṣì funfun.

Yorleny ọmọ rẹ̀ bá mi ní ilé búrẹ́dì lónìí. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìlú Cartago ti ní kí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ sílé. “Ó ń béèrè yín, Dọ́n Evaristo. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Wáyà dà?”

Belarmino nìkan ló ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n; “Dọ́n”, orúkọ ọ̀wọ̀ àgbà, ni ti àwọn yòókù.

Ọjọ́rú, 16
N kò lọ. Mo fi òjò ṣe àwáwí.

Ọjọ́bọ̀, 17
Kí n kọ ọ́ síbí bó ṣe rí.

Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ iná ni iṣẹ́ mi, nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń fún ìlú wa níná. Bí wáyà bá kan ohun tí kò yẹ, iná á pọ̀ jù; ẹ̀rọ á dúró díẹ̀, bí kò bá rọlẹ̀, á gé e. Ti àtijọ́ ní àwo irin kan nínú. Bí iná bá pọ̀, àwo á máa yí síwájú. Bí ó bá rọlẹ̀, àwo kì í fò padà – díẹ̀díẹ̀ ni í rìn padà. Bí aburú bá tún dé lójú ọ̀nà, ibi tó bá a ni yóò ti tẹ̀síwájú. Kì í pẹ́ gé iná. Ó tilẹ̀ yá jù: bí òjò bá ti ṣú, gbogbo ìlú á ṣókùnkùn. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ní ilé kọfí. “Dọ́n Evaristo, ṣé àbẹ́là la ó máa fi wo bọ́ọ̀lù ni?”

Ẹ̀rọ tuntun dé. Mo tò ó kí ó máa gbàgbé lójú ẹsẹ̀ tí iná bá ti rọlẹ̀. Òkùnkùn dópin. Wọ́n ra bíà fún mi.

Lẹ́yìn náà, ìjì ọ̀sán yẹn. Ẹ̀ka kan fò wá láti oko kọfí orí òkè, ó já wáyà. Wáyà ń fì – ó kan ọgbà onírin Nidia, ó kúrò. Ó kàn, ó kúrò. Gbogbo ìgbà tó bá kúrò, ẹ̀rọ mi á gbàgbé, á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kò gé iná rárá. Nidia fọwọ́ kan géètì.

Àwo àtijọ́ ì bá ti gé e.

Wọ́n rí ẹ̀ka nílẹ̀, wọ́n ní èyí tó yẹ kí Belarmino ti gé ni. Wọ́n bi mí ní ìpàdé ẹgbẹ́: ẹ̀rọ ńkọ́? Mo ní ó ṣe bí a ṣe tò ó. Òótọ́ ni. Òótọ́ burúkú.

Ọjọ́ Àìkú, 20
Mo lọ. Ó ti gbẹ bí igi ìdáná. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, o sanra o! Ṣé o ti ń jẹ oúnjẹ òkú mi sílẹ̀ ni?” A rẹ́rìn-ín. Yorleny gbé omi ìrèké gbígbóná wá.

Nígbà tó jáde, Belarmino ní: “Mo máa ń rí àdá lọ́wọ́ mi. Mo máa ń rí ẹ̀ka tó ń ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ní mi ò gé e. Ọtí ló ń tàn mí.” Ọdọọdún ló ń kun sàréè Nidia ní ẹfun, ní ọjọ́ àwọn òkú. “Ṣé o rò pé Nidia á bá mi sọ̀rọ̀ tí mo bá dé ọ̀run?”

Mo ní òjò ọdún yìí mà pọ̀ o.

Òjò! Èmi àgbà òfìfo yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22
Yorleny pè. Bàbá rẹ̀ kò jẹun mọ́. “Ẹ má pẹ́ o, Dọ́n.”

Mo ti ibẹ̀ dé. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní: Belarmino, o gé e. Mo fojú mi rí i. Ẹ̀rọ tí mo tò ló pa Nidia, mo sì dákẹ́.

Mo ń retí èpè. Kò ṣépè. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Yorleny, o gbọ́? Mo gé e.”

“Mo gbọ́, bàbá.”

“Sáré lọ sọ fún ìyá rẹ.”

Ìyá Yorleny kú ní ọdún kejì tí wọ́n lé Belarmino lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rán an létí nínú wa. Yorleny dìde, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, bí ẹni tó ń lọ jíṣẹ́.